Kóńgò Ti Sọ Ọ́ Kí Rédíò Tó Gbé E

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Islamic High School ní Baṣọ̀run, nílùú Ìbàdàn. Ayẹyẹ ọdún ni wọ́n pe àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n ti kéde rẹ̀ káàkiri pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwọn ìyá àtàwọn ọmọ ti kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́. Nígbà tí èrò ya lu ara wọn, àwọn tó kéré jù ló bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí a fi gbọ́ ti Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí èèyàn 22 ti kú nídìí ìrẹsì ọdún Kérésì. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 21 oṣù yẹn, ni èèyàn 10 kú nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Maitama, l'Ábùjá. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ èèyàn pa ní Yábàá, l'Ékòó, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè ń ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́, àpò kílò 25 ní 10,000 náírà.

Oúnjẹ ni mò ń tà. Ìyá mi tà á ní ọjà Orítamẹ́rin, èmi náà ń tà á ní ọjà Bódìjà, nílùú Ìbàdàn yìí kan náà, títí irun orí mi fi funfun. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Baṣọ̀run, ọ̀rọ̀ kan ló gba gbogbo ọjà: ọ̀kánjúà ló pa wọ́n. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu aláàárù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń pe orí rédíò. Ìyá wo, wọ́n ní, ni yóò fa ọmọ rẹ̀ lọ sáàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀fẹ́? Ìbéèrè yẹn dùn mí dọ́kàn, nítorí mo mọ àwọn ìyá náà. N kò mọ orúkọ wọn, n kò sì lè sọ pé ẹnì kan nínú àwọn tó pàdánù ọmọ ti rajà lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n mo mọ irú wọn. Àwọn ni mò ń wọn gaàrí fún. Ẹni tó bá ní ọ̀kánjúà ló pa àwọn ọmọ yẹn, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Kí ebi tó di ohun tí rédíò ń kà, ó ti dé inú kóńgò. Nígbà tí mo ń kọ́ òwò lẹ́yìn ìyá mi, bí a bá ń wọn ìrẹsì, a óò kó o títí yóò fi ga ṣóńṣó lórí kóńgò, tí díẹ̀ yóò máa dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀ènì nìyẹn. Ọlọ́jà tí kò bá fi ẹ̀ènì sí i, kì í pẹ́ kí oníbàárà tó kọ ẹ̀yìn sí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí kóńgò títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan ti kọjá ìyẹn. Wọ́n á da kóńgò dojú dé, wọ́n á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, kí ohun tó ń gbà lè dín kù. Olè ni irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé èrè orí kóńgò kan kò tó owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé mọ́.

Àwọn oníbàárà náà ti mọ̀. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé kí n tó wọn ọjà fún un, yóò gba kóńgò lọ́wọ́ mi, yóò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, yóò sì fi ìka mẹ́ta tẹ ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò, èébú gbáà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín ọlọ́jà àti oníbàárà rẹ̀. Ní báyìí, n kì í bínú. Èmi fúnra mi ni mo máa ń yí ìdí rẹ̀ sókè fún un kí ó wò ó dáadáa, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gba àṣìṣe ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tí èèyàn ń rà ni mo fi ń mọ bí ìlú ṣe rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ra odindi àpò ìrẹsì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó pọ̀ ní méjì-méjì kí wọ́n lè pín in. Láti ibẹ̀, wọ́n bọ́ sórí kóńgò márùn-ún, wọ́n bọ́ sórí ẹyọ kan. Àwọn tó ń ra kóńgò wá ń béèrè agolo mílíìkì. Òróró tí a ń tà ní kẹ́ẹ̀gì àti ìgò di èyí tí a ń bù sínú ọ̀rá tíńtín, tí a ń so lẹ́nu. Ẹ̀sà tòmátì, tí àwọn èèyàn máa ń rà lábẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí aládùúgbò má baà rí wọn, di ohun tí wọ́n ń jí sáré wá rà kó tó tán.

Nínú ọdún 2024 yẹn, obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó sì fa òmíràn lọ́wọ́, wá ra ìdajì kóńgò gaàrí. Ó tú owó náà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fún mi. Nígbà tí mo wọn ọn tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pín in sí ọ̀rá méjì." Mo rò pé òun àti ẹnì kan ló jọ dáwó rà á. Ó ní rárá. Bí òun bá gbé gbogbo rẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rá kejì yóò wà lọ́dọ̀ aládùúgbò tí yóò bá òun fi í pamọ́ di ọjọ́ kejì. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èyí tó fà lọ́wọ́ ti ki ọwọ́ bọnú ọ̀rá, ó ń ju gaàrí gbígbẹ sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn ń wò ó.

Ṣé irú obìnrin yẹn ni ẹ ó bá wí pé ọ̀kánjúà ń ṣe é? Bó bá gbọ́ pé ibì kan wà tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì yóò ti jẹun yó lọ́jọ́ kan, tí wọn yóò tún gbé ẹ̀bùn wálé, kí ni yóò dá a dúró sílé? Ẹ lè kì í nílọ̀ nípa èrò, ẹ lè sọ fún un pé ewu wà níbẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí n kò gbọ́ kí àwọn oníròyìn sọ. Àwìn ti kú kí àwọn ọmọ yẹn tó kú.

Nígbà kan, àwìn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé dé ìparí oṣù. Ìwé àwìn ìyá mi máa ń wà lábẹ́ àtẹ, pẹ́ńsùlù á wà láàárín rẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀. Bí owó oṣù bá bọ́, wọ́n á wá, wọ́n á san án, wọ́n á dúró ti ìyá mi títí yóò fi fa ìlà la orúkọ wọn kọjá, wọ́n á sì tún gba òmíràn lọ. Iṣẹ́ ńlá ni àwìn láàárín wa láti ayébáyé. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ àwìn dé abúlé tí mọ́tò kò dé, wọ́n sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó jẹ gbèsè lónìí ni yóò rajà lọ́la.

Àwìn kì í ṣe ọrẹ, ìdí nìyẹn tó fi níyì. Ẹni tó gbà á kò tọrọ. Yóò san án, òun àti ọlọ́jà sì jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná á jó nídìí ààrò rẹ̀, ọkọ á jẹun, ọmọ á jẹun, kò sí aládùúgbò tí yóò mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Àwa ọlọ́jà oúnjẹ la mọ àṣírí ìlú, a kì í sì í sọ ọ́.

Láti àárín ọdún 2023 ni ọwọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nídìí rẹ̀. Ká ní mo ta kóńgò ẹ̀wà kan láwìn níbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí oníbàárà sì san án pé pérépéré níparí oṣù, owó tó san kò ní ra kóńgò ẹ̀wà kan mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí èmi náà ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́ mi jẹ, n kò rẹ́ ẹ jẹ, síbẹ̀ ọjà mi ti dín. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àtẹ á ṣófo. Àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé owó ẹ̀wà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ti ju ìlọ́po mẹ́ta iye tó jẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú. Ta ló fẹ́ ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ láwìn? Lọ́kọ̀ọ̀kan ni a kọ ọ́ sára pákó, tí a gbé e kọ́: "Àwìn kò sí." N kò dá ọlọ́jà kankan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a gbé pákó yẹn kọ́ ni a ti ilẹ̀kùn kan tí aláìní ń gbà kọjá láìsí ẹni tó rí i.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn oníbàárà mi àtijọ́. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò bá a dé ibi tó ń lọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí èrò bá ti dín. Kóńgò kan di àbọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí èlùbọ́ tó wà lórí àtẹ, ó ní kí n jọ̀ọ́ fi í ṣe ìdógò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo dá aago padà fún un, mo wọn èlùbọ́ fún un, mo bu ẹ̀ènì sí i bí ìyá mi ṣe máa ń bu ú. Ó dúpẹ́ bí ọmọlúàbí. Kò sì tún yà sọ́dọ̀ mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe gbèsè ló ń sá fún, nítorí mo ti sọ fún un pé kò jẹ mí. Ohun tó le fún un ni pé mo ti rí i. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ọ̀pọ̀ èèyàn iyì ló sì ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn nínú yàrá wọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìtìjú náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àgbàlagbà lè fi ebi sùn nítorí iyì ara rẹ̀. Bó bá ti kan ọmọ, ìyá yóò bọ́ ìtìjú sílẹ̀, yóò jí lóru, yóò lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run nìyẹn, òun náà ló ṣẹlẹ̀ ní Yábàá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Bí a ṣe ń tọrẹ pàápàá ti yí padà. Mo rántí oníṣòwò kòkó kan tó jẹ́ pé bí oṣù Ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́, yóò wá sanwó ìrẹsì àti ẹ̀wà fún mi, yóò sì fún mi ní ìwé pélébé tí ó kọ ilé àwọn tí a máa gbé e fún sí. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni aláàárù máa ń gbé e lọ. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó rán an, ká sọ pé Ọlọ́run ni. Ìyá ìjọ kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà Kérésì. Bíbélì sọ ọ́, Hádíìsì sọ ọ́, pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi tọrẹ. Lónìí, ẹni tó fẹ́ tọrẹ yóò kọ́kọ́ tẹ àwòrán ara rẹ̀ sára àpò. Wọ́n á ta bánà sójú títì, wọ́n á pe oníkámẹ́rà. Ẹni tó máa gba kóńgò ìrẹsì méjì gbọ́dọ̀ tò nínú oòrùn, kó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. N kò sọ pé ọkàn burúkú ló wà nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn kan nínú wọn tí àánú ń ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọrẹ tí a kéde ní láti pe èrò, èrò tí ebi ń pa kò sì ṣeé fi okùn tín-ín-rín dá dúró.

Ẹ má jẹ́ ká wá fi ọ̀rọ̀ ebi bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá pe ogunlọ́gọ̀ ọmọdé jọ gbọ́dọ̀ ro ti ẹnu ọ̀nà, ti omi, ti nọ́ọ̀sì, ti ọlọ́pàá, kó tó kéde ohunkóhun. Ti ilé-ẹjọ́ nìyẹn, n kò ní dá ẹjọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí. Àmọ́ ká ní ètò gún, ká ní ẹnu ọ̀nà fẹ̀, tí gbogbo ọmọ sì padà sílé láyọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ìròyìn kankan tí à bá gbọ́, ebi yóò sì ti jókòó dè wọ́n nílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun náà kò sì fara pamọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tó bá fẹ́ jẹ́ kiri. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà ti lé ní 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Láti Kánò àti òkè Ọya lápapọ̀ ni ẹ̀wà wa ti ń bọ̀. Tírélà ló ń gbé e, dísù ni tírélà ń mu, àwọn àgbẹ̀ míràn sì wà tí kò lè dé oko nítorí ajínigbé. Ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n owó yẹn kò ra àpò ìrẹsì kílò 50 kan nígbà náà. Àwọn kan ní àwa ọlọ́jà là ń kó ọjà pamọ́. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà, Ọlọ́run rí wọn. Ṣùgbọ́n alárọ́bọ̀ tó ń ra àpò kan lẹ́ẹ̀kan kò ní ibi tí yóò kó ọjà pamọ́ sí.

Èmi kò kéré ní ọdún 1984, nígbà tí ọjà wọ́n lábẹ́ ìjọba ológun. Mo tò fún mílíìkì, mo tò fún ṣúgà àti ọṣẹ, ohun tí a ń pè ní ẹsẹ́ńkò nígbà yẹn, àwọn sójà á sì dúró tì wá. Ìyà ni, n kò ní dárà sí i. Àmọ́ owó wà lọ́wọ́ wa bí a ṣe tò yẹn. Ọjà ni kò sí. Ní ọdún 2024, ọjà kún Bódìjà débi tí aláàárù kò rí ọ̀nà gbà. Ìrẹsì wà, ẹ̀wà wà, èlùbọ́ wà, àwọn èèyàn á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ tò síbi tí wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ló bà mí lẹ́rù ju ti 1984 lọ. Tí ọjà kò bá sí, ọkọ̀ òkun lè gbé e dé lọ́la. Tí ọjà bá wà níwájú ọmọ tí ebi ń pa, tí ìyá rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ kàn án, kí ni ọkọ̀ òkun fẹ́ gbé wá?

Ní ọdún 2025, owó oúnjẹ wálẹ̀ díẹ̀. Mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ ń ké pé àwọn kò rí owó ajílẹ̀ kó jáde. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó sọ̀ kalẹ̀ látorí àpò kò tíì gòkè padà. Télọ̀ kan wà ní àdúgbò mi tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí nǹkan le jù. Gaàrí wálẹ̀ ní ọdún náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gaàrí tó wálẹ̀ kò bá a ra ẹ̀rọ padà. Aṣọ aláṣọ ló ń bá wọn lẹ bọ́tìnnì sí báyìí. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, wọ́n ní; ó kù sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìjọba láti rí i pé owó oṣù tí wọ́n ń san tó jẹun, pé ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ̀lú ṣeé rìn, pé ọmọ tó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rí nǹkan jẹ lọ́sàn-án. N kò ní dákẹ́ bíbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bù fún ni mo fẹ́ bẹ̀. Bí ọdún bá ń bọ̀, tí ẹ fẹ́ fi ìrẹsì tọrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èrò. Ẹ lọ bá ọlọ́jà oúnjẹ tó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ bi í léèrè àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ti ń ra kóńgò tẹ́lẹ̀ tí kò rí mọ́. Ó mọ̀ wọ́n, ó mọ ilé wọn, ó mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Ẹ san owó náà fún un, kí ó ní kí wọ́n gbé e lọ bá wọn lálẹ́, kó má dárúkọ yín. Bó bá ní òun kò mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ẹ wá bá wa ní Bódìjà, àwa mọ̀ wọ́n.